Fìlà Oníná Alhaja

Nínú takisí tó ń bọ̀ láti Trans-Amadi, mo gbọ́ tí ìyá arúgbó kan ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀, obìnrin tó kéré sí i, nípa fìlà oníná, èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí awọ orí, tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ má baà jó àjórẹ̀yìn.

"Alhaja, abeg, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Gan-an ni! Oríkì ọmọ-ọmọ mi tí mo gbàgbé, tí mò ń sunkún lé lórí, mo fi ki ọmọ náà láàárọ̀ yìí láìkọsẹ̀."

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé èmi ni mo rántí.

"Àmọ́ mo rí yín lánàá, orí ìborùn lẹ dé e lé!"

"Ṣé kí n ṣí orí sílẹ̀ níṣojú àwọn ọkùnrin ilé ni?"

"Yé! Iná yẹn ò kan orí yín rárá nìyẹn!"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Kò tíì kàn mí, mo ti ń ki ọmọ-ọmọ. Ọjọ́ tó bá kàn mí, màá kì ọ́ dé ọ̀dọ̀ babańlá rẹ!"