Ẹni Tó Dí Imú Tápólì Adéróunmú

Ẹ ti fura tipẹ́, ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Agunkè, ẹ kàn ń fi ọ̀wọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ ni. Kì í ṣe Àyànkúnlé tó rán tápólì ló pa Adéróunmú. Èmi Akíndúró ni. Ọdún márùn-ún rèé tí mo ti ń dé irọ́ náà bí ẹni dé fìlà, tí ẹ ń kí mi, tí mo ń dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ kọ̀wé sí mi lórí ibùsùn ilé ìwòsàn tí mo wà ní Jẹ́ríkò yìí pé ẹ fẹ́ fi mí ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ títí ayé. Títí ayé wo? Dókítà ní kíndìnrín mi kò ní bá wọn rí òjò tó ń bọ̀. Lẹ́tà yín bí mi nínú. Inú bí mi sí yín tí ẹ jẹ́ kí irọ́ mi lọ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jókòó. Kí akọ̀wé yín ka èyí sókè, kí ó má sì fo ìlà kankan.

Àwọn tí wọn kò mọ̀ mí nígbà náà kò lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní Sikọ́tílándì, súẹ́tà mẹ́fà ni mo sì kó bọ̀ sí Bódìjà. Mo ń wọ̀ wọ́n nínú oòrùn oṣù kẹta. Bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn pé ọyẹ́ mú, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá ní nínú irú èyí la ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́hùn-ún. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Ọ̀gá Òtútù. Èmi gbà á bí oyè. Nígbà tí ẹgbẹ́ wá ní ká lọ pàgọ́ lórí òkè kan lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí ọyẹ́ ibẹ̀ mú bí abẹ, ta ni wọn ì bá bi léèrè bí kò ṣe èmi? Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra àgọ́ òyìnbó, kí oníkálùkù fi tápólì ṣe tirẹ̀. Mo ya àwòrán rẹ̀ fún wọn ní ẹ̀yìnkùlé mi: okùn kan láàárín òpó méjì, tápólì lórí okùn, kí etí rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ nípọn sí ìsàlẹ̀, torí òtútù ilẹ̀ burú ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ni mo sọ. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n gbé agolo ẹ̀yinná wọlé, kí wọ́n sì dí gbogbo ihò pátá. Ẹ má rò pé Sikọ́tílándì ni mo ti kọ́ ìyẹn. Ìyá mi ló máa ń gbé ẹ̀yinná sí yàrá wa nígbà ọyẹ́, a ó sì sùn wọra. Ewé ni wọ́n fi bo yàrá ìyá mi. Ó ń mí láti òkè. Tápólì kì í mí. Ọ̀mọ̀wé ni mí, n kò ronú débẹ̀.

Àyànkúnlé, ọmọ Ṣakí, ni a ní kó rán aṣọ dí iwájú àti ẹ̀yìn tápólì kọ̀ọ̀kan. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Ring Road, níbi tí àwọn awakọ̀ tó ń kó obì lọ sí Òkè Ọya ti ń rán tápólì. Nígbà tí mo lọ gbà á, mo rí i pé ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láìrán ní apá òkè ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi etí aṣọ bò ó kí ìrì má baà wọlé. Mo bi í pé ihò wo nìyí. Ó ní, "Imú ni, ọ̀gá. Tápólì tí kò bá nímú, obì abẹ́ rẹ̀ á ti jẹrà kó tó dé Kánò. Àwọn ọmọ mọ́tò náà sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀." Mo ní, "Ṣé obì ni mo jọ lójú tìẹ?" Ó ní, "Rárá o, ọ̀gá. Obì kì í bá ni jiyàn." Àwọn awakọ̀ tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa Adéróunmú. Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, bóyá ǹ bá gbọ́. Mo pàṣẹ pé kí ó dí gbogbo rẹ̀. Ó kọ̀, ó ní bàbá òun ló kọ́ òun níṣẹ́, ọwọ́ òun kò ní dí imú ohun tí ènìyàn máa sùn sí.

Mo kó wọn lọ sílé bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ra abẹ́rẹ́ àti òwú ọ̀rá ní Dùgbẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi dí imú tápólì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Olúkẹ́mi, akọ̀wé wa nígbà náà, ló ń bá mi di aṣọ mú. Ó rọra ní, "Sà, ẹni tó ń rán an lójoojúmọ́ mà ló sọ̀rọ̀ yẹn." Mo dá a lóhùn pé ẹni tó ń rán an lójoojúmọ́ kò kọjá òkun rí.

Ènìyàn mẹ́jọ ló bá mi gun òkè náà. Mo gbọ́ lẹ́yìn pé méje nínú wọn ti já òwú mi, tàbí kí wọ́n gbé agolo síta, torí èéfín ń ta wọ́n lójú. Wọn kò kàn fẹ́ dójú tì mí ni. Adéróunmú nìkan ló ṣe bí mo ṣe wí. Ilé ìkàwé ni ó ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló máa ń kọ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ó pè mí pé kí n wá wo bí òun ṣe dí i. Mo wò ó. Mo ní, "Ìwọ nìkan lo létí nínú gbogbo wọn." Ní ìdájí, igbe mi ló jí àwọn yòókù. Wọ́n bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tápólì tí mo ti fi ọ̀bẹ gé, orí Adéróunmú wà lórí itan mi, ẹ̀yinná ti di eérú.

Bí mo bá dúró níbẹ̀, àṣìṣe ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n tẹ́ tápólì náà sórí tábìlì, wọ́n bi mí pé ta ló rán an pa báyìí. Mo ní bí Àyànkúnlé ṣe gbé e fún wa nìyẹn. Mo tún ní èmi náà sùn nínú irú rẹ̀, pé èémí há mi, mo fi ọ̀bẹ la tèmi, mo sáré la ti Adéróunmú, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn kan sunkún. Àyànkúnlé yọ òwú tirẹ̀ jáde, òwú dúdú tó fi ìda pa, ó ní kí wọ́n fi wé èyí tó wà lára tápólì. Wọ́n ní ènìyàn lè ní oríṣi òwú méjì. Wọ́n bi Olúkẹ́mi. Ó wolẹ̀, ó ní òun kò mọ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi. Èmi ni mo sọ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ náà pé ẹni tó di aṣọ mú àti ẹni tó rán an, ọ̀kan náà ni lójú òfin. Àyànkúnlé wá yíjú sí mi. Kò pariwo.

"Ọ̀gá, mi ò ní ká jà. Ẹ sáà wò mí lójú. Ta ló dí imú rẹ̀?"

Mo wò ó lójú. Mo ní, "Ìwọ ni."

Ó ní, "Ó dáa." Ó ká òwú rẹ̀ sápò, ó jáde.

Awakọ̀ kankan kò gbé tápólì fún un mọ́. Bàdírátù ìyàwó rẹ̀ wá dúró lẹ́nu géètì mi ní Bódìjà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tọrọ nǹkan kan ju pé kí n dé gáréèjì, kí n sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún àwọn awakọ̀. Mo ní kí wọ́n sọ pé mò ń sùn. Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń ṣe? Tíì ni mò ń mu, nínú súẹ́tà. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó padà sí Ṣakí. Iṣẹ́ alágbàro ni Àyànkúnlé ń ṣe lóko olóko báyìí, ọwọ́ tó mọ aṣọ rán bẹ́ẹ̀.

N kò ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹ lọ sí Ṣakí, ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ bẹ Àyànkúnlé wá sí Ring Road, kí ẹ ka ìwé yìí létí gbogbo awakọ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ lè padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá ní báyìí ni wọ́n ń ṣe é, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ bi í, ẹ má bi í ní ìwé tó kà. Bí ẹ bá sì pàgọ́ nínú ọyẹ́, ẹ fi imú sílẹ̀, kí iná wà níta.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde láàárín yín láti sọ pé, síbẹ̀, bàbá gbìyànjú, wọ́n sáré nínú òkùnkùn láti yọ Adéróunmú. Kí onítọ̀hún jókòó. N kò sùn lórí òkè náà. Adéróunmú ti gan kí n tó gé tápólì rẹ̀. Ilé àlejò tó wà nísàlẹ̀ òkè ni mo ti ń bọ̀. Ibẹ̀ ni mo lọ sùn, torí pé òtútù mú mi.