Iyọ̀ Tó Wà Nídìí Òdòdó Ràhmát

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní bá mi wọ sàréè. Mo ti gbé e pẹ́, ó ti wúwo jù mí lọ, ẹnu èmi náà ni yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà máa ru ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Èmi Ìdíátù ni mo ba òdòdó Ràhmát jẹ́. Ọwọ́ Nimotallahi mọ́. Ẹ fetí sí mi dé òpin kí ẹ tó bú mi, nítorí èyí tó burú jù níbẹ̀ kì í ṣe ti òdòdó.

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń gbé ilé àbúrò mi Sàní ní àdúgbò Gbégamey. Sàní ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Ràhmát, ìyàwó rẹ̀, òdòdó inú ìkòkò ló ń tọ́jú tà, irú èyí tí wọ́n ń gbé sínú yàrá àti ọ́fíìsì. Òun àti Nimotallahi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Láti ìgbà ọmọge wọn ní Kétu ni wọ́n ti ń bára wọn bọ̀. Bí ọdún tuntun bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ṣọ́ọ̀bù Ganhi láàárín ìlú a máa rà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rín ni ṣáá nígbà tí wọ́n bá wà nídìí ìkòkò wọn. Nimotallahi á ní, "Ràhmát, èyí ti sanra jù ọ́ lọ." Ràhmát á fèsì, "Òun kúkú ń jẹun, ìwọ lo máa ń ṣa oúnjẹ jẹ bí ìyàwó tuntun." Èmi kò ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò fi ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú gan-an. Ètè bẹ́, gìgísẹ̀ là, eruku bo gbogbo àga. Ràhmát ti kó àwọn ìkòkò wọ yàrá ìgbàlejò, ó tò wọ́n jìnnà sí ojú fèrèsé. Àfi bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pé ara ìyá rẹ̀ kò yá ní Kétu. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tántì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí wọn. Ẹ máa fi àkísà tútù nu eruku ojú ewé. Kí ẹ tó bomi sí i, ẹ ti ìka bọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá tíì gbẹ, ẹ fi sílẹ̀. Nimotallahi yóò máa yà wò wọ́n."

"Ṣé ewé ni n kò ní lè tọ́jú?" ni mo dáhùn. "Èmi tí wọ́n bí sóko!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, ẹ má bínú."

Mo kọ́kọ́ ṣe bó ti wí. Ṣùgbọ́n eruku tí mo bá nù lówùúrọ̀ á ti tún padà kí oòrùn tó wọ̀. Mo wo ewé, mo wo apá mi, àwọn méjèèjì funfun bákan náà. Òrí ni mo fi ń para nígbà ọyẹ́, ara mi sì ń dán. Mo ní, kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí kò ní jẹ nínú rẹ̀? Mo bu òrí, mo fi ra ewé wọn níkọ̀ọ̀kan, àwọn tó fẹ̀ bí etí erin àti àwọn tó dúró ṣánṣán bí idà. Wọ́n dán! Inú mi dùn débi pé mo kó wọn jáde sínú oòrùn kí òtútù lè kúrò lára wọn.

Ẹ ò rí òmùgọ̀ àgbà! Eruku lẹ̀ mọ́ òrí, oòrùn dín wọn bí ẹní dín àkàrà. Kò pẹ́ tí ewé fi ń pọ́n, tí ó ń ká kò. Títí dé ibí yìí, àìmọ̀ ni. Ká ní mo jẹ́wọ́ nígbà náà ni, wọn ì bá fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán.

Nimotallahi dé, ó kígbe, "Tántì, kí ló ṣe wọ́n?" Mo ní ọyẹ́ ni. Ó fi ìka kan ewé, ó sì gbé ìka náà sí imú. Ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àwọn kan ṣì máa yè. A ó jọ sọ fún Ràhmát."

Gbólóhùn yẹn já mi láyà. Ó ti mọ̀. Èmi tí mo fọ́nnu, èmi ni ìyàwó ilé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo wọ ilé ìdáná, mo bu iyọ̀, mo dà á sídìí gbogbo ìkòkò, àní àwọn tó ṣì máa yè.

Ràhmát dé, ó bú sẹ́kún. Mo ní, "Ìyàwó wa, ó ń ṣe mí bíi kí n má sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ ló da omi sí wọn. Ó dà bíi pé mo rí iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó mú yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ yí padà. "Nítorí kí ni?"

"Ìlara," ni mo wí. Mo dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ara mi, mo fi lé ẹlòmíràn lórí.

Wọ́n pe Nimotallahi. Ó ní, "Ràhmát, wo ojú mi. Èmi?" Ó yíjú sí mi, "Tántì, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ òtítọ́." Mo wo ilẹ̀. Sàní bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó dá a lójú, Ràhmát ní, "Ọkọ mi ló sọ ọ́. Ṣé kí n pe ọkọ mi ní òpùrọ́ ni?" Nílé wa, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni, kódà bó jẹ́ obìnrin. Iyì tí wọ́n fún mi ni mo fi ṣèkà. Nimotallahi kò fẹnu ba ọ̀rọ̀ òrí. Bóyá ó ń bò mí láṣìírí ni, bóyá ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò gbọ́. Ọ̀rẹ́ wọn bàjẹ́, ó sì kó lọ sí Àjàṣẹ́.

Ọdún mẹ́rin kọjá, òdòdó díẹ̀ ni Ràhmát ṣì ń tọ́jú. Lọ́dún yìí, Rilwan ọmọ Ràhmát sọ orúkọ ẹni tó fẹ́ fẹ́: Ṣọlá, ọmọ Nimotallahi. Ràhmát fò dìde. "Ọmọ ẹni tó fi iyọ̀ pa iṣẹ́ mi? Kò ní wọ ilé mi!" Rilwan bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u, ó ń di àpò rẹ̀, ó ní bí òun bá jáde, òun kò ní padà mọ́.

Mo ní, "Rilwan, jókòó." Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó àbúrò mi. Ó pariwo, "Tántì, ẹ dìde! Ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó!" N kò dìde. Mo sọ ọ́ fún wọn, òrí, oòrùn, iyọ̀, gbogbo rẹ̀. Sàní fọwọ́ bojú. Ohun kan ṣoṣo ni Ràhmát bi mí: "Nimotallahi bẹ̀ yín, ẹ wolẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa ìborùn rẹ̀ borí, ó jáde, ó gun ọ̀kadà zémíjàn lọ sí ibùdókọ̀ Àjàṣẹ́.

N kò mọ ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn. Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ ohùn Nimotallahi lẹ́nu ọ̀nà: "Ta ló to òdòdó sójú afẹ́fẹ́ báyìí? Ràhmát, mo yẹ̀ díẹ̀, o sì sọ wọ́n di ọmọ òrukàn!" Ràhmát ní, "Wọlé ná, kí o tó máa bú mi." Ẹkún àti ẹ̀rín dàpọ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú Nimotallahi, ó ní, "Tántì, mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún rí òrí lọ́wọ́ yín ní tòsí ìkòkò mi, a ó jọ lọ bá àwọn ọlọ́pàá ní kọ̀mísáríà." Èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti jáde lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ràhmát kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mò ń sùn. Oúnjẹ ń dùn lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá ṣi nǹkan ṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ohun ẹ̀rín. Bí ẹ bá fi irọ́ bò ó, ẹlòmíràn ni yóò san án fún yín. Ràhmát, n kò ní kí o gbàgbé. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ ni. Ìgbàkigbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́kàn, wá jókòó tì mí.