"Ẹ Ti Ṣì Í Kọ"

Nínú ọkọ̀ Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí bàbá kan tó jẹ́ ti oníjùjú àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ ti onífújì ti ń ṣe fáàrí ẹni tó fẹ́ràn ọ̀gá olórin rẹ̀ jù.

"Ní Ṣúpárè," ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "orin kan ṣoṣo ni ọ̀gá wa fi gbé wa láti ìrun àìlà dé alásárì. Bàtà mi já, mi ò dúró, mo ń jó lọ ni."

"Ijó nìyẹn," bàbá fèsì. "Èmi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì ọ̀gá tèmi títí téèpù fi já. Kútẹ́ẹ̀sì tí ìyàwó mi fi ń kun èékánná ni mo fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀."

"Ó dẹ̀ ń dún?"

"Dáadáa! Tí wọ́n bá ti fẹ́ máa ki baálẹ̀ kan báyìí, á kàn fò bọ́ sórí gìtá ni. Bẹ́ẹ̀ lèmi àtàwọn ọmọ mi ṣe ń kọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n wá ṣeré n'Ìkún, wọ́n débẹ̀, wọn ò fò ó! Wọ́n ń ki baálẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Mo bá gun ìtàgé lọ bá ọ̀gá, mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti ṣì í kọ.'"

Kò rẹ́rìn-ín rárá. Bí olùkọ́ tó ń ṣàánú ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo sì kọ ọ́ fún wọn."

Ọ̀dọ́kùnrin náà ṣí fìlà. "Bàbá, mo túúbá. Bàtà lásán ló já ní tèmi."