Ààrò Tí Ọmọpẹ́ Fọ́

Bírò ti wà lọ́wọ́ Ọmọpẹ́, Lọ́yà Fáwùmí sì ti nàka sí ibi tó máa fọwọ́ sí lórí ìwé tó fẹ́ fi ta ilé búrẹ́dì rẹ̀, nígbà tí Ọmọpẹ́ yíjú sí Sàfúrátù tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Nígbà tí iṣẹ́ yìí ń bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì mí."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Sàfúrátù ò lè gbé mì. Ó dìde. "Ẹ dúró ná. Ọmọpẹ́, má fọwọ́ sí nǹkan kan. Ohun kan wà níkùn mi, bí n ò bá sọ ọ́ lónìí, yóò bá mi wọ sàréè."

Kò sẹ́ni tí kò mọ Sàfúrátù ní Ẹ̀jìgbò. Màmá Abíjàn ni wọ́n ń pè é, torí pé Abíjàn ló ti kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì. Nígbà tó padà wálé, ó mọ ààrò sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, búrẹ́dì rẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń wá rà láti ìlú Ara àti Ọlá. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ta ilé iṣẹ́ náà fún Ọmọpẹ́, opó tó ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó lè rà á. Ọmọpẹ́ ò ra ààrò nìkan. Ó ra orúkọ, ó ra àwọn oníbàárà pẹ̀lú. Lọ́yà Fáwùmí wádìí ilẹ̀, ó wádìí bóyá ẹjọ́ wà ní kóòtù, ó sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé Sàfúrátù kò gbọdọ̀ ṣe búrẹ́dì tà mọ́ ní gbogbo agbègbè Ẹ̀jìgbò, ìbáà jẹ́ lórúkọ ara rẹ̀ tàbí lórúkọ ẹlòmíì. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni Sàfúrátù fọwọ́ sí i. "Sé fíní," ó ní, "ó ti parí. Ẹ jẹ́ kí n lọ sinmi."

"Ìsinmi ò bá mi lára mu," ló wá ń wí fún wọn báyìí. "Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kọjá lójúde mi, ó ní búrẹ́dì Ọmọpẹ́ dùn. Búrẹ́dì Ọmọpẹ́! Ẹ wo ọwọ́ yìí. Kò sí ọwọ́ tó mọ ìyẹ̀fun pò tó o ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Mo ń jẹ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn purọ́ mọ́ ọwọ́ mi. Ìlara mú mi. Mo bá pe Nùrúdíìnì."

Nùrúdíìnì, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló fẹ́ ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Ọmọpẹ́ lọ́jọ́ yìí. Ó sún síwájú lórí àga rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ . . ."

"Dákẹ́. Ilé búrẹ́dì tó wà ní Masífà, ní agbègbè Ẹ̀jìgbò yìí kan náà, tí gbogbo yín mọ̀ sí ti Nùrúdíìnì, tèmi ni. Owó mi ni, ọwọ́ mi ni. Ọmọ yìí bi mí nígbà náà pé, 'Ìyá, ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ńkọ́?' Mo ní, 'Ìwé kì í po ìyẹ̀fun.' Ẹ ò rí ẹnu mi?"

Ọmọpẹ́ rọra gbé bírò sílẹ̀.

"Ìyẹn ò tíì burú tó," ni Sàfúrátù wí. "Ọmọpẹ́, o rántí ìgbà ọyẹ́ tí búrẹ́dì rẹ kò wú mọ́? O wá kúnlẹ̀ níwájú mi, o ní, 'Màmá, ẹ bá mi wò ó.' Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó débẹ̀. Ìyẹ̀fun kì í tètè wú nínú ọyẹ́, ó yẹ kó pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó wọ ààrò. Gbólóhùn kan péré ni. Mo gbé e pamọ́. Mo fọwọ́ lu ààrò tí mo fúnra mi mọ, tí kò ní àléébù kankan, mo ní, 'Inú rẹ̀ ti sán. Fọ́ ọ, kí o tún un mọ.' Mo dúró tì ọ́ títí wọ́n fi fi òòlù wó o palẹ̀. O rò pé àánú ló mú mi dúró. Kí ààrò tuntun tó gbẹ, gbogbo oníbàárà rẹ ti yà sí Masífà."

Lọ́yà Fáwùmí bọ́ awò ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ sọ yìí lè gbé yín dé kóòtù?"

"Mo mọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀. Má kọ ọ́ pé èṣù ló tì mí. Sàfúrátù ni kí o kọ. Kọ ọ́ pẹ̀lú pé ilé búrẹ́dì Masífà di ti Ọmọpẹ́ láti òní lọ. Nùrúdíìnì, fọwọ́ sí i." Lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà náà rọra kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún. "Ọmọpẹ́, forí jì mí."

Omi ń bọ́ lójú Ọmọpẹ́. "Ẹ dìde, Màmá. Tí mo bá ní mo ti dárí jì yín lónìí, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ó wá kọ́ mi ní gbogbo ohun tí ẹ fi pamọ́."

Nùrúdíìnì fọwọ́ sí i, Ọmọpẹ́ ò ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, Sàfúrátù sì lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Títí di òní ló ń jókòó sí Masífà, tó ń kọ́ Ọmọpẹ́ níṣẹ́, tó ń jágbe bí ọ̀gá. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá sọ fún un pé òun fẹ́ ra iṣẹ́ ẹlòmíì, kì í tijú láti sọ tiẹ̀.

"Ẹ wá lọ́yà," á ní, "ẹ wádìí ilẹ̀, ẹ ka ìwé dópin. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ibo ló fẹ́ gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Èmi náà ò bi ara mi."