Ọ̀rọ̀ Ìyá Àyàndùnní Tí Mo Gé Kù

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lónìí, ẹ pè mí kí n wá sọ ìtàn ẹgbẹ́ yìí àti bí a ṣe gba ife gbogbo Nàìjíríà. N ó sọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tí mo ti ń sọ kiri láti ọjọ́ yìí wá. Irọ́ mi ti rìn jìnnà, òtítọ́ sì ti lé e bá. Bàbá Fákọ́ládé ló jókòó sí iwájú níbẹ̀ yẹn, wọ́n wá gba àmì-ẹ̀yẹ tí ẹ fi rántí Tósìn ọmọ wọn. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ìlọrin ni ìdíje wa àkọ́kọ́. Bàtà rọ́bà ni ọ̀pọ̀ nínú wa wọ̀, wọ́n sì nà wá débi pé àwọn tó ń tajà létí pápá ń bá wa bẹ̀bẹ̀. Lọ́dún kejì, ní Bìní, ó ku díẹ̀ ká dé àṣekágbá. Ọdún kẹta ni Tósìn dé láti Erunmu, ọmọ oko, ó ga, tó bá ti ju bọ́ọ̀lù, inú agbọ̀n ni. Èmi Olúfúnmi ni balógun ẹgbẹ́, mo sì mọ̀ pé tí ọmọ yìí bá bá wa dé Àbújá, ife ti di tiwa.

Nígbà tí Àbújá ku díẹ̀, Ìyá Àyàndùnní, ìyá tó bí Bàbá Fákọ́ládé, gun ọ̀kadà wá sí pápá wa ní Ìyànà Ọ̀fà. Kóòṣì kò sí nílé. Màmá fún mi ní àgbàdo sísè tí wọ́n dì sínú ewé, wọ́n wá di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ mi, Tósìn ti dákú lóko wa rí, àyà rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Bá mi sọ fún olùkọ́ yín kí wọ́n mú un lọ sí ọsibítù kó tó tún sáré. Tó bá lọ bó ṣe wà yìí, kò ní padà wálé láàyè.”

Mo ní mo gbọ́. Tósìn fúnra rẹ̀ bẹ̀ mí kí n má sọ, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn bojú. Ife ni mo ń wò. Mo jẹ àgbàdo náà, n kò sì sọ nǹkan kan fún kóòṣì.

Nínú àṣekágbá, Tósìn fi ọwọ́ di àyà mú, ó wò mí, ó ń ṣe àmì pé kí wọ́n yọ òun. Mo mi orí. Mo ju bọ́ọ̀lù sí i. Ó jù ú wọlé, àwọn èèyàn ń pariwo ayọ̀, ó sì ṣubú. Kò dìde mọ́.

Ẹ má tíì sunkún, èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Nígbà tí a gbé òkú rẹ̀ dé Erunmu, Bàbá Fákọ́ládé ń bi gbogbo wa pé ta ló pa ọmọ òun. Ìbẹ̀rù mú mi. Mo rò pé màmá máa tó sọ pé àwọn ti rán mi níṣẹ́, ni mo bá yára ṣáájú wọn. Mo ní màmá wá sí pápá wa, wọ́n ní tí Tósìn bá lọ sí Àbújá, kò ní padà wálé láàyè. Mo fi ọ̀rọ̀ àyà àti ọsibítù sílẹ̀. Ìkìlọ̀ wọn ni mo sọ di èpè.

Màmá kò bínú. Wọ́n kàn wò mí. “Olúfúnmi, ṣé bí mo ṣe wí nìyẹn?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

Wọ́n ṣàlàyé títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Àwọn ẹbí ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Wọ́n lé màmá lọ sí abà, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n má gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan mo pàdé wọn lọ́jà, igi ìdáná wà lórí wọn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn?” Mo sá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo wá wò yín, ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ yìí jókòó sílẹ̀ lójijì níbi ìdánrawò, ó di àyà mú, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún kóòṣì.” Mo sọ. Ó ń bínú sí mi títí di òní. Kó máa bínú, ó ṣáà wà láàyè.

Bàbá Fákọ́ládé, mo rí i pé ẹ ti dìde. N kò ní sá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn mí, abà yẹn kò jìnnà, ẹ lọ mú ìyá yín wálé ná. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi mí ṣe. Ohunkóhun tí wọ́n bá wí, ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe wí i gan-an, ẹ má gé e kù.