Mo Fi Ìyá Mi Sínú Sinimá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Oṣù mẹ́ta rèé tí ìyá mi kò wá kí mi ní Atakpamé, nílẹ̀ Tógò níbí. Bí mo bá pè é lórí fóònù, á ní, "A dúpẹ́," á sì gbé fóònù sílẹ̀. Láàárọ̀, tí ìkùukùu bá bo òkè iwájú ilé mi, á dà bí ẹni pé mo rí i tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, tòun tẹrù lórí. Bí oòrùn bá là, n kì í rí ẹnìkankan.

Sinimá ló dá a sílẹ̀. Tíṣà ni mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí n jókòó sínú gbọ̀ngán tó ṣókùnkùn, kí ìmọ́lẹ̀ máa jó lójú mi, kí n má mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mo jí. Bàbá kan tí a ń pè ní Mùsé máa ń fi sinimá hàn wá lọ́sàn-án Sátidé, ó sì ní ètò lórí rédíò. Òun ló ní kí n máa kọ àgbéyẹ̀wò sinimá fún ètò náà. Mo kọ àkọ́kọ́, mo kó gbogbo èdè ńláńlá tí mo kà nínú ìwé ìròyìn Faransé sínú rẹ̀. Mùsé kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ó dára. Ṣùgbọ́n n kò rí ọ níbẹ̀. Níbo ló ti dùn ọ́?"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wo sinimá obìnrin kan tó wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sílùú òkèèrè, tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí ìyá mi fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Akparé, tó lọ ń dáná fún olówó ní Lomé fún ọdún méje. A kì í sọ ọ́ nílé wa. Mo kọ ọ́! Mo kọ ọ́ bí ẹni ń lá àlá: eruku pupa, aṣọ aláwọ̀ ewé tó wọ̀, bó ṣe gun ọkọ̀ tí kò bojú wẹ̀yìn. Mo fi èdè Ifẹ̀ wa kà á lórí rédíò. Àwọn èèyàn ń pè, wọ́n ń sunkún. Mùsé ní, "Ìwọ rèé wàyí."

Àṣé ìyá mi gbọ́ ọ ní Anié, níbi tó ti ń ránṣọ lẹ́bàá títì. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ síta."

Kò dá ẹ̀rọ dúró. "Pé mo lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé n kò bojú wẹ̀yìn? O ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ̀ kalẹ̀ wá wò ọ́, títí dírẹ́bà fi bú mi. Aṣọ aláwọ̀ ewé wo? N kò ní irú rẹ̀ rí."

Háà! Obìnrin inú sinimá ló wọ aṣọ náà. Èmi kò rí ìyá mi nígbà tó ń lọ. Ohun tí mo pè ní ohùn ara mi, àwòrán ẹlòmíràn ló kún inú rẹ̀, mo sì fi í ba ìyá mi lórúkọ jẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, ta ni yóò kó o?

Mo ròyìn rẹ̀ fún Mùsé, ó ní kí n padà sórí rédíò lọ ṣàtúnṣe rẹ̀. Ṣé kí n lọ, kí gbogbo ayé tún fẹnu sí ọ̀ràn ìyá mi? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ jókòó tì í ní Anié, kí n bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tó rí fún mi, ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wò mí lójú oorun? Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.