A Kì Í Gé Ọ̀pẹ Láìtún Orí Rẹ̀ Ṣe

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ kí n lè dìde láàárín yín lónìí. Ohùn mi kò ròkè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara mọ́ ọn.

Ní ọdún tó tẹ̀lé òmìnira, egbò yọ sí apá mi. Kókó kékeré tí kò dùn mí ni tẹ́lẹ̀, nígbà tó yá ló là, tó ń jẹ ẹran ara mi lọ. N kò lè hú ẹ̀gẹ́ mọ́ lóko wa ní Massè. Bí mo bá jókòó nínú ìjọ, àwọn obìnrin á sún kúrò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Bàbá Katikíìsì wàásù pé ìjọ wa ti ń dàgbà bí ọ̀pẹ nínú ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí wa yìí, ṣùgbọ́n imọ̀ tó bá gbẹ, gígé ni à ń gé e. Gbogbo yín yíjú wò mí. Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ, olórí àwa obìnrin, ní kí n máa gbàdúrà nílé títí ara mi yóò fi yá. Mo ní ó dára, mà. Mo sunkún délé.

Ìyá tó bí mi kì í ṣe onígbàgbọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọjà Adja-Ouèrè, níbi tí Ìyá Ìjọ ti ń ta epo. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó bi í pé ṣé ọkọ rẹ̀ ṣì ń gun ọ̀pẹ. Ìyá Ìjọ ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Èyí tí kò bá so dáadáa ńkọ́, Ìyá? Ṣé ẹ máa ń gé e lulẹ̀ ni?”

“Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? A ó kọ́kọ́ tún orí rẹ̀ ṣe ná.”

“Ẹ ṣeun. Ta wá ló tún orí ọmọ mi ṣe nínú yín?”

Àwọn aláta bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ ń wọn epo rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi gbé mi sínú ọkọ̀ kàmíọ̀ tó ń kó èkùrọ́ lọ sí Pobè, ibi tí ilé ìwòsàn wà. Lójú ọ̀nà ni mo ti gbàdúrà pé, Olúwa, bí ìwọ náà bá ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, jẹ́ kí n mọ̀. Kò sún kúrò. Dókítà gé ẹran tó ti kú dànù, ó fi apá sílẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ìyá mi ń sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò wá wò mí.

Apá yìí kò ní nà tán mọ́, ṣùgbọ́n ó wà lára mi. Ti Olúwa ni ògo. Ẹ bá mi yọ̀. Ìyá mi dúró níta, nítorí ẹ ní kò gbọdọ̀ wọlé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orin ọpẹ́ sókè, kí òun náà lè gbọ́.